Ní Ipasẹ̀ Ìlà Ìmọ́lẹ̀ Náítírójìn: Láti Edinburgh dé Algiers

Náítírójìn ló kó ìdá 78 nínú 100 afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ń mí sínú. Átọ́ọ̀mù rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méje tó yí kóró kan ká. Kóró náà kéré débi pé ìbú rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú 10,000 ìbú átọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀, síbẹ̀ kì í ṣe ohun tó kàn jókòó sí àárín lásán. Ó ní ìyípo tirẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní spin, ó sì ń ṣe bí òòfà tíntìntín. Òòfà yìí ń kan àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lára, ó sì ń pín ipele agbára átọ́ọ̀mù sí méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àlàfo àárín wọn kò tó nǹkan. Ìpín yìí ni àwọn onímọ̀ físíìsì ń pè ní hyperfine structure. Ìmọ́lẹ̀ àti ìgbì rédíò ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́, nítorí pé nígbàkigbà tí átọ́ọ̀mù bá bọ́ láti ipele kan sí òmíràn, ìgbì tó bá tú jáde tàbí tó bá gbà wọlé á sọ bí àlàfo náà ṣe tó.

Ìwọ̀n yìí kò parí sí ibì kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fẹ́ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ yóò kúrò ní Edinburgh, yóò ré òkun lọ sí Massachusetts, yóò padà sí etí odò Seine, yóò gba Utrecht àti Göttingen dé California. Lẹ́yìn náà ni yóò ya New Haven, Berlin, Naples àti Maine, kó tó wá dé Brussels àti Algiers. Ohun kan ni gbogbo ọ̀nà jíjìn náà ń kọ́ni: ọ̀tọ̀ ni kí a rí ìlà ìmọ́lẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kí a mọ ohun tí ìlà náà jẹ́.

Edinburgh àti London

Edinburgh ni olú-ìlú Scotland, ìlú olókùúta tí odi àtijọ́ rẹ̀ wà lórí àpáta gíga láàárín ìgboro. Ní yunifásítì ìlú yìí ni Daniel Rutherford ti kọ ìwé ìwádìí fún oyè ìṣègùn ní 1772, lábẹ́ Joseph Black olùkọ́ rẹ̀. Ó sé eku mọ́ inú afẹ́fẹ́ títí eku náà fi kú. Ó tan iná nínú èyí tó ṣẹ́kù títí iná fi kú. Lẹ́yìn náà ó yọ gáàsì tí èémí àti iná mú wá kúrò nínú rẹ̀. Ohun tó kù kò lè gbé ẹ̀mí ró, bẹ́ẹ̀ ni kò lè gbé iná ró. Náítírójìn ni.

Ìwà pẹ̀lẹ́ gáàsì yìí gan-an ni ìṣòro àkọ́kọ́ fún ẹni tó fẹ́ wọn átọ́ọ̀mù rẹ̀. Nínú afẹ́fẹ́, átọ́ọ̀mù náítírójìn kì í dá rìn. Méjì méjì ni wọ́n so mọ́ra, ìdè wọn sì wà lára èyí tó yi jù lọ nínú kẹ́místrì. Kí wọ́n tó lè tú, a ní láti fi iná mànàmáná lù wọ́n nínú ọ̀pá gíláàsì tí ẹ̀rọ ti fa púpọ̀ nínú gáàsì inú rẹ̀ jáde. Robert Strutt, ẹni tó di Lord Rayleigh kẹrin lẹ́yìn náà, ṣe irú iṣẹ́ yìí ní London ní 1911. Nígbà tí iná bá ń ṣiṣẹ́, inú ọ̀pá á pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, á fẹ́ jọ àwọ̀ àlùkò. Bí a bá wá pa iná, òkùnkùn kì í ṣú níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kan tó pọ́n bíi wúrà á kún inú ọ̀pá, á máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí pé àwọn átọ́ọ̀mù tí iná tú ká ń pàdé ara wọn, wọ́n sì ń so mọ́ra padà. Bí wọ́n ṣe ń pẹ́ kí wọ́n tó so padà yìí ló fún àwọn tó wá lẹ́yìn ní àyè láti wọ̀n wọ́n.

Worcester àti Sèvres

Kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan kóró átọ́ọ̀mù ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí ìpín wẹ́wẹ́ inú ìlà ìmọ́lẹ̀. Ẹni tó rí i ni Albert Michelson, tí wọ́n bí ní Strelno ní ilẹ̀ Prussia ní 1852, tí àwọn òbí rẹ̀ sì gbé lọ sí Amẹ́ríkà ní kékeré. Láti 1889 dé 1892 ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Clark ní Worcester, Massachusetts. Ẹ̀rọ rẹ̀ pín ìtànṣán kan sí méjì, ó jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan rin ọ̀nà tirẹ̀ dé ara dígí, ó sì dà wọ́n pọ̀ padà. Níbi tí wọ́n bá ti pàdé, ìlà dúdú àti ìlà títàn á máa tẹ̀lé ara wọn. Bí ọ̀nà kan bá ṣe ń gùn ju èkejì lọ, àwọn ìlà náà á máa ṣá. Tó bá jẹ́ ìgbì ẹyọ kan ni ìmọ́lẹ̀ náà, ṣíṣá yẹn á lọ geere. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìgbì méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba, àwọn ìlà náà á parẹ́, wọ́n á tún yọ, wọ́n á tún parẹ́. Báyìí ni Michelson ṣe mọ̀ ní nǹkan bí 1891 pé ọ̀pọ̀ ìlà tí wọ́n kà sí ẹyọ kan jẹ́ àkójọpọ̀ ìlà wẹ́wẹ́. Ìlà aláwọ̀ ewé mẹ́kúrì wà lára wọn.

Ní 1892 wọ́n pè é sí Sèvres, lẹ́bàá Paris, níbi tí Pavillon de Breteuil wà lórí òkè tó kọjú sí odò Seine. Ilé yìí ni wọ́n ti ń tọ́jú ọ̀pá mítà tí wọ́n fi platinum àti iridium ṣe. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé Michelson lọ́wọ́ ni pé kó ka iye ìgbì ìmọ́lẹ̀ tó wà nínú mítà kan. Ìlà pupa cadmium ló mú, nítorí pé nínú gbogbo ìlà tó ti yẹ̀ wò, òun ló sún mọ́ ẹyọ kan jù. Iye ìgbì tó kà jẹ́ 1,553,163.5. Ìlà tó bá ní ìpín nínú kò ṣeé fi ṣe òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí tí ìpín fi wà nínú àwọn kan tí kò fi sí nínú òmíràn kò tíì yé ẹnikẹ́ni. Ọdún 1911 ni Ernest Rutherford ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn ní Manchester pé átọ́ọ̀mù ní kóró. Ọdún 1924 sì ni Wolfgang Pauli, tó ń ṣiṣẹ́ ní Hamburg, dábàá pé kóró yẹn ló ń fa ìpín náà.

Utrecht, Göttingen, Pasadena

Ní ti náítírójìn, spin kóró rẹ̀ ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ní láti mọ̀, nítorí spin ló ń sọ iye ọ̀nà tí ipele agbára yóò pín sí. Títí di òpin àwọn ọdún 1920, èrò tó gbilẹ̀ ni pé prótọ́ọ̀nù 14 àti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méje ló wà nínú kóró náítírójìn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 21. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn egunrín wọ̀nyí ní spin 1/2, bí iye wọn kò bá sì pé méjì méjì, spin àpapọ̀ kò lè jẹ́ odidi.

Ìmọ́lẹ̀ sọ ohun mìíràn. Ní Utrecht, ìlú olódò ní ilẹ̀ Netherlands, wọ́n wọn bí àwọn ìlà tí náítírójìn oníméjì ń tú jáde ṣe ń tàn tó ní 1928. Ìlà tó mọ́lẹ̀ kan, ìlà tó ṣú kan, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tò. Ralph Kronig ka ìtò yìí, ó sì rí i pé spin kóró náà gbọ́dọ̀ jẹ́ 1. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Franco Rasetti, ọmọ Italy, ya fọ́tò ìmọ́lẹ̀ tí gáàsì náítírójìn tú ká ní Pasadena, California. Níbẹ̀ náà, ìlà kan ń lágbára, èkejì rẹ̀ ń rọ. Walter Heitler àti Gerhard Herzberg ní Göttingen fi àwòrán náà ṣe ìṣirò, wọ́n sì kéde pé kóró náítírójìn ń hùwà bí ohun tí iye egunrín inú rẹ̀ pé méjì méjì. Ìlà ìmọ́lẹ̀ kò ṣeé bá jiyàn. Ohun tí gbogbo ayé gbà nípa inú kóró ni kò tọ́.

Ìdáhùn wá láti Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1932, nígbà tí James Chadwick rí niútírọ́ọ̀nù ní Cavendish Laboratory. Prótọ́ọ̀nù méje àti niútírọ́ọ̀nù méje ló wà nínú kóró náítírójìn. Iye wọn jẹ́ 14, spin wọn sì lè jẹ́ odidi.

Ọmọ Áfíríkà kan ló ṣí apá kejì ìtàn náà. Stefan Meiring Naudé, ará South Africa, ń ṣiṣẹ́ ní Chicago ní 1929 nígbà tó rí àwọn ìlà aláìlágbára kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà gáàsì tí náítírójìn àti ọ́síjìn para pọ̀ di. Náítírójìn-15 ló ń fa wọ́n, áísótòpù tó fi niútírọ́ọ̀nù kan wúwo ju náítírójìn-14 lọ. Kò ju nǹkan bí ìdá 0.4 nínú 100 náítírójìn ayé lọ. Spin kóró rẹ̀ jẹ́ 1/2, òòfà rẹ̀ sì kọjú sí òdìkejì ti náítírójìn-14. Láti ìgbà yẹn lọ, átọ́ọ̀mù náítírójìn di oríṣi méjì tí a lè fi wéra.

New Haven, Harvard àti Berlin

Nígbà tí átọ́ọ̀mù náítírójìn bá wà ní ipele ìsàlẹ̀ pátápátá, spin ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́ta tó wà lóde rẹ̀ jẹ́ 3/2 lápapọ̀. Bí a bá pa èyí pọ̀ mọ́ spin 1 ti kóró, ipele ìsàlẹ̀ náítírójìn-14 yóò pín sí mẹ́ta. Ti náítírójìn-15 yóò pín sí méjì. Àlàfo tó wà láàárín wọn kéré tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń fi mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì kà á, ìyẹn ìgbọ̀nrìrì mílíọ̀nù kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí wọ́n ń kọ ní MHz. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí ń gbọ̀n ní nǹkan bí 500,000,000 MHz. Àlàfo inú náítírójìn-14 kò ju 26.13 MHz àti 15.68 MHz lọ. Àwọn onímọ̀ ní láti fi ìmọ́lẹ̀ ojú sílẹ̀, kí wọ́n lo ìgbì rédíò àti máíkírówéèfù.

New Haven ní Connecticut, ìlú Yunifásítì Yale, ni Mark Heald àti Robert Beringer ti ṣe èyí ní 1954. Wọ́n fi iná mànàmáná tú náítírójìn, wọ́n sì fi òòfà ńlá àti máíkírówéèfù wá ibi tí àwọn átọ́ọ̀mù náà ti ń gba ìgbì. Ohun tí wọ́n ń wá ni iye kan tí wọ́n ń pè ní A, tí gbogbo àlàfo ti ń jáde. Bí a bá mọ A, ìlọ́po 2.5 rẹ̀ ni àlàfo kan, ìlọ́po 1.5 rẹ̀ ni èkejì. A ti náítírójìn-14 jẹ́ nǹkan bí 10.45 MHz. Ní 1959, Anderson, Pipkin àti Baird ní Harvard fi ọ̀nà mìíràn wọn áísótòpù méjèèjì, pẹ̀lú ìpéye tó ga jù ti ìṣáájú lọ. Ti náítírójìn-15 jẹ́ nǹkan bí 14.65 MHz, pẹ̀lú àmì òdì níwájú rẹ̀, torí pé òòfà kóró náà kọjú sẹ́yìn.

Iye 10.45 yìí yẹ kó ya ènìyàn lẹ́nu, nítorí pé bí a bá fi ìṣirò tó rọrùn jù ṣe é, òdo ló yẹ kó jáde. Àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́ta tó wà lóde pín àyè náà dọ́gba láàárín ara wọn, ìpín wọn rí roboto, wọn kì í sì í dé ibi tí kóró wà. Àwọn mẹ́rin tó kù ń dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n méjì méjì ni wọ́n, spin wọn dojú kọ ara wọn, ọ̀kan sì ń pa agbára èkejì rẹ́. Ibo wá ni 10.45 MHz ti wá? Àwọn mẹ́ta òde ló fà á. Spin wọn kọjú sí apá kan náà, wọ́n sì ń yí ipò ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú tí spin rẹ̀ bá tiwọn mu padà díẹ̀, tí wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹnìkejì rẹ̀. Pípa tí àwọn méjì inú ń pa ara wọn rẹ́ kò wá pé mọ́. Ìyàtọ̀ kékeré yẹn ni kóró ń gbọ́.

Berlin fi ẹ̀rí mìíràn hàn ní 1996. Àwọn olùwádìí níbẹ̀ rí átọ́ọ̀mù náítírójìn kan ṣoṣo tó wà láàyè ara rẹ̀ nínú àgọ́ tí átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù 60 kọ́. Kò so mọ́ ara àgọ́ náà rárá, ó wà ní àárín rẹ̀ bí ẹni tó dá wà. Síbẹ̀ A rẹ̀ ga ju ti átọ́ọ̀mù tó wà ní gbangba lọ ní nǹkan bí ìdajì, nítorí pé àgọ́ ń fún ibi tí àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń gbà mọ́lẹ̀, ó sì ń tì wọ́n sún mọ́ kóró.

Naples àti Waterville

Ipele ìsàlẹ̀ nìkan nìyẹn. Àwọn ipele òkè ní ìpín tiwọn, ìmọ́lẹ̀ tó sì ń bọ́ láàárín wọn wà ní ibi tó kọjá pupa díẹ̀, láàárín nánómítà 740 sí 870. Ojú kò lè rí púpọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n lésà kéékèèké tí wọ́n fi sẹmikọ́ńdọ́tọ̀ ṣe ń tú u jáde dáadáa. Ní 1994, àwọn onímọ̀ ní Naples, níhà gúúsù Italy, lo irú lésà bẹ́ẹ̀ fún náítírójìn. Ní 2006, Jennerich, Keiser àti Tate tẹ iṣẹ́ tiwọn jáde láti Colby College ní Waterville, ìlú kékeré kan létí odò Kennebec ní ìpínlẹ̀ Maine. Colby kì í ṣe yunifásítì ńlá, àwọn ọmọ tó ń kàwé gboyè àkọ́kọ́ ló wà fún, àmọ́ ìlà tí wọ́n rí níbẹ̀ ló gbé ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ìrìnàjò yìí kalẹ̀.

Ọ̀tá àkọ́kọ́ wọn ni eré tí àwọn átọ́ọ̀mù ń sá. Ẹni tó dúró létí títì mọ̀ pé fèrè ọkọ̀ tó ń bọ̀ máa ń dún tín-ín-rín, tó bá sì ti kọjá, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀. Christian Doppler ló ṣàlàyé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní Prague ní 1842, ìmọ́lẹ̀ sì ń ṣe bákan náà. Átọ́ọ̀mù náítírójìn inú yàrá tí kò gbóná ju bó ṣe yẹ lọ ń sáré tó nǹkan bí 600 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn kan ń sá bọ̀ wá pàdé lésà, àwọn kan ń sá fún un, ìlà kan á sì fẹ̀ tó bíi 1,200 MHz. Ìpín inú àwọn ipele òkè wọ̀nyí wà láàárín MHz mẹ́wàá mélòó kan sí ọgọ́rùn-ún mélòó kan. Gbogbo rẹ̀ á pòórá sínú ìbú yẹn.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i nìyí. Wọ́n pín ìtànṣán lésà sí méjì, ọ̀kan lágbára, ọ̀kan kò lágbára, wọ́n sì rán wọn gba inú ọ̀pá náítírójìn kan náà kọjá láti ìhà méjì tó kọjú síra. Èyí tó lágbára á kó àwọn átọ́ọ̀mù kan lọ sí ipele òkè, tí wọn kò fi ní lè gba ìmọ́lẹ̀ mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Èyí tí kò lágbára ń kọjá láti iwájú. Bí àwọn átọ́ọ̀mù bá ń sá sí ìhà kan, wọn yóò rí ìtànṣán méjèèjì ní ìgbì tó yàtọ̀ síra. Kìkì àwọn tí kò sún síwájú tàbí sẹ́yìn ni ìtànṣán méjèèjì bá ní ojú ibì kan náà. Níbẹ̀, ìtànṣán tí kò lágbára á kọjá pẹ̀lú ìrọ̀rùn, ẹ̀rọ á sì fi ṣóńṣó tín-ín-rín kan hàn láàárín ìbú ńlá náà. Ìpín tó ti fara pamọ́ á wá hàn.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí ń bí ohun kan tí kì í ṣe ìlà tòótọ́. Bí ìlà méjì bá jọ ní ipele kan, àwọn átọ́ọ̀mù kan á wà tí eré tí wọ́n ń sá mú kí ìtànṣán tó lágbára bá ìlà kìn-ín-ní mu, tí èkejì sì bá ìlà kejì mu. Ṣóńṣó kan á yọ sí àárín gbùngbùn àwọn méjèèjì, níbi tí átọ́ọ̀mù kò ní ìlà kankan. Crossover ni wọ́n ń pè é. Ti náítírójìn tún le sí i, nítorí pé ipele tí ìmọ́lẹ̀ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀ kì í pẹ́ ju nánósẹ́kọ́ńdù méjì tàbí mẹ́ta lọ kó tó bọ́ sílẹ̀. Ipele tí kò pẹ́ a máa ní ìlà tó fẹ̀, ti èyí sì tó nǹkan bí 60 MHz. Àwọn ṣóńṣó á sún mọ́ ara wọn, àwọn tí kò lágbára á fẹ́rẹ̀ẹ́ rì sínú àwọn tó lágbára.

Brussels, Algiers, Malmö

Ní 2010, Per Jönsson ní Malmö, ní ilẹ̀ Sweden, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi òfin ẹ̀kọ́ kúáńtọ̀mù nìkan ṣírò ìpín àwọn ipele òkè náítírójìn, láìlo ìwọ̀n ẹnikẹ́ni. Èsì wọn kò bá ti Waterville mu rárá. Kì í ṣe ìyàtọ̀ kékeré tí a lè fi sí ọrùn àṣìmú ẹ̀rọ. Nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí, ó rọrùn kí àwọn oníṣirò sọ pé ẹ̀rọ ló yapa, kí àwọn onílésà sì sọ pé ìṣirò ni kò péye.

Thomas Carette àti Michel Godefroid ní Brussels, Messaoud Nemouchi ní Algiers, àti Jönsson gba ọ̀nà mìíràn. Ní Algiers, Bab Ezzouar ni yunifásítì sáyẹ́ǹsì tí Nemouchi ti ń ṣiṣẹ́ wà, ní ọgbà ńlá tí Oscar Niemeyer, ayàwòrán-ilé ọmọ Brazil, ya àwòrán rẹ̀. Wọn kò ṣe ìdánwò tuntun. Wọ́n gbé àwòrán Waterville fúnra rẹ̀ síwájú, wọ́n sì béèrè ohun tí ṣóńṣó kọ̀ọ̀kan jẹ́. Àwọn tó lágbára kò ní wàhálà. Àwọn tí kò lágbára ni wọ́n ti kà sí ìlà tòótọ́ tẹ́lẹ̀. Bí a bá kà wọ́n sí crossover, ipò tí wọ́n wà lórí àwòrán kò yí padà, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ wọn yí padà pátápátá. Láti inú ìtumọ̀ yìí ni iye A tuntun ti jáde, èyí sì bá ìṣirò mu dáadáa.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Lésà Waterville ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Bí àwòrán náà kò bá mọ́ tó bẹ́ẹ̀, ìtumọ̀ tuntun kò ní rí ibi dúró. Bí ìṣirò kò bá sì lágbára tó láti sọ pé nǹkan kan kò tọ́, kò sẹ́ni tí ìbá padà wo àwọn ṣóńṣó kéékèèké yẹn. Àwọn méjèèjì ló gbé ara wọn dé ibi tó tọ́.

Èrè rẹ̀ kò mọ sí inú yàrá ìwádìí. Àwọn ìlà náítírójìn tó kọjá pupa yìí wà nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, àwọn ni àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ sì ń lò láti mọ bí náítírójìn ṣe pọ̀ tó níbẹ̀. Láti àárín gbùngbùn ìdìpọ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ti ń wọn ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìlà náítírójìn-14 àti náítírójìn-15. Bí wọ́n bá ṣi ìpín inú ìdìpọ̀ náà kà, àárín rẹ̀ yóò yẹ̀, iye tó bá jáde fún áísótòpù méjèèjì yóò sì yẹ̀ pẹ̀lú. Ní ipele ìsàlẹ̀, ìgbì rédíò ti fìdí iye náà múlẹ̀. Ní ipele òkè, ìtumọ̀ tí Brussels àti Algiers fún àwòrán tó ti Maine wá ni lésà àti ìṣirò jọ fọwọ́ sí.